Ìbọn Ò Ba Ọmọ Mi, Kí Ló Dé Tí Kò Lè Sùn?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Nọ́ọ̀sì. Amẹ́ríkà la wà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dárúkọ ìlú wa. Ó di oṣù mẹ́ta báyìí tí ọmọkùnrin kan gbé ìbọn wọ ilé-ìwé ọmọ mi. Ọmọ ọdún 16 ni, obìnrin ni. Inú yàrá tí wọ́n ń kó ìwé sí ni òun àti àwọn ọmọ mẹ́jọ mìíràn sá pamọ́ sí fún wákàtí méjì. Ìbọn ò bà á, kò sí ibi tó bó lára ẹ̀. Ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan tí wọ́n jọ ń jókòó ní kíláàsì kò jáde. A ti ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo ẹbí ló wá, àmọ́ inú mọ́tò ni ọmọ náà jókòó sí, kò bá wa jó. Mo fi ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ ránṣẹ́ sí mi láti inú yàrá yẹn sórí WhatsApp mi kí ayé lè bá mi dúpẹ́, ó bínú sí mi fún ọjọ́ mẹ́rin. Kì í sùn. Tí mo bá pa ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù dé, á fò sókè. Kò jẹ́ kí n fọ bàtà funfun tó wọ̀ lọ́jọ́ náà, kò jẹ́ kí n sọ ọ́ nù, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló wà. Bàbá ẹ̀ ní ká má dárúkọ ọ̀rọ̀ náà mọ́ kó lè gbàgbé, ó sì ti ra ìbọn pélébé kan sílé. Ìyá mi ní ká gbé e wá sí Ìbàdàn nígbà Kérésìmesì kí wọ́n gbàdúrà fún un. Ṣé kí n máa bá a sọ ọ́ ni, àbí kí n dákẹ́? Ìgbà wo ló máa padà di ọmọ tí mo mọ̀?

Ìdáhùn: Ìyá Àdùkẹ́, orúkọ tí mo fún yín nìyẹn kí ẹnikẹ́ni má baà dá yín mọ̀. Ẹ kú ewu. Ẹ kú ewu ọmọ, a ò ní rírú ẹ̀ mọ́.

Mo mọ̀-ọ́n-mọ̀ fi “ẹ kú ewu” bẹ̀rẹ̀ ni. Nínú ìkíni wa, ewu la kọ́kọ́ ń dárúkọ kí ọpẹ́ tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá kí èèyàn bẹ́ẹ̀ ti gbà pé nǹkan ṣẹlẹ̀. Bí mo ṣe ka lẹ́tà yín, ó jọ pé gbogbo ẹni tó yí ọmọ yìí ká ló ti sáré dé ìdí ọpẹ́, tí kò sì sí ẹnì kan tó tíì dúró kí i kú ewu. Mi ò fi dá yín lẹ́bi. Bí a ṣe tọ́ wa nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó ń ṣe é, nítorí pé bí ẹ ò bá mọ̀ ọ́n, ẹ máa rò pé àṣejù ni. Ara ọmọ yín ò tíì gbọ́ pé ó ti parí. Lọ́jọ́ yẹn, kó tó ronú kan nǹkan kan rárá, ara ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́: àyà ń lù kìkì, ẹ̀jẹ̀ sá lọ sí ẹsẹ̀ kó lè sáré, etí là sílẹ̀ gbàgà, ebi àti oorun kúrò nílẹ̀. Iṣẹ́ yẹn náà ló jẹ́ kó lè dákẹ́ nínú òkùnkùn fún wákàtí méjì. Ó ṣe é lóore. Àmọ́ ọlọ́dẹ tó dìde lọ́jọ́ náà ò tíì jókòó, ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù yín ló ń ṣọ́ báyìí. Àwọn àgbà ní ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bó bá rí ekòló á sá. Wọn ò sọ pé ká bá a jà nítorí pé ó sá fún ekòló.

Kì í ṣe ọmọ yín nìkan. Ní ilé-ìwé Columbine ní ìpínlẹ̀ Colorado, níbi tí ọmọ ilé-ìwé méjì ti pa ọmọ 12 àti tíṣà kan ní ọjọ́ 20 oṣù kẹrin ọdún 1999, aláàmù iná ń dún ṣáá bí ìbọn ṣe ń dún. Nígbà tí àwọn ọmọ máa padà sí kíláàsì, àwọn aláṣẹ ní láti yí ohùn aláàmù náà padà. Oúnjẹ àwọn ará Ṣáínà ló wà ní ilé oúnjẹ wọn lọ́jọ́ náà, wọ́n yọ ọ́ kúrò. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má gbé bàlúùn wá mọ́ nítorí pé tó bá bẹ́, àwọn ọmọ á dojú bolẹ̀. Oúnjẹ àti bàlúùn, ẹ ẹ̀ rí i? Ohun tó ń dẹ́rù bani lẹ́yìn irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kì í dúró sórí ìbọn. Gbogbo ohun tó wà nítòsí, tó fi mọ́ òórùn ọbẹ̀, ló ń kó wọ inú ẹ̀rù yẹn.

Ní ilé-ìwé Marjory Stoneman Douglas ní Parkland, Florida, níbi tí ènìyàn 17 ti kú ní ọjọ́ 14 oṣù kejì ọdún 2018, ìbọn náà gan-an ló mú kí aláàmù iná dún. Wọ́n sì ti ṣe ìdánrawò iná láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ọmọ tó bá ti la irú ìyẹn já, tí ẹ bá wá sọ fún un pé “aláàmù lásán ni, má bẹ̀rù,” ẹ ti sọ fún un gan-an ohun tí ó rò lọ́jọ́ tí wọ́n ń pa àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀.

Ó dáa. Ṣé kẹ́ ẹ máa bá a sọ ọ́ ni, àbí kẹ́ ẹ dákẹ́?

Bàbá ẹ̀ ní ká má dárúkọ ẹ̀ mọ́. Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti wá, torí pé ilé irú ẹ̀ la ti bí mi. Bàbá tèmi jagun Biafra, wọ́n sì kú láì sọ ohun tí ojú wọn rí láàárín 1967 sí 1970. Àwa ọmọ máa ń yangàn pé bàbá wa ti gbàgbé ogun. Àmọ́ ní gbogbo ayé wọn, mi ò rí wọn kí wọ́n jókòó jẹun kí ẹ̀yìn wọn kọ ilẹ̀kùn. Àlejò wá, ọdún dé, wọ́n á kọ́kọ́ gbé àga wọn yí kí wọ́n tó bu òkèlè. Ẹnu wọn ló dákẹ́, ara wọn ò dákẹ́ rí. Nítorí náà, rárá, ìdákẹ́jẹ́ kì í ṣe ìgbàgbé.

Àmọ́ mi ò ní kẹ́ ẹ gbé e kalẹ̀ kẹ́ ẹ ní “ó yá, sọ gbogbo ẹ̀.” Ìyẹn náà ò dáa. Ìgbà kan wà tí àwa òṣìṣẹ́ ìlera máa ń kó àwọn tí àjálù bá jọ ní kíákíá pé kí wọ́n ròyìn ohun tí wọ́n rí látòkè délẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. A ti fi í sílẹ̀. Kì í ran ọ̀pọ̀ lọ́wọ́, ó sì máa ń dá kún ti àwọn mìíràn. Ohun tí ẹ máa ṣe ni kẹ́ ẹ ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀, kẹ́ ẹ má sì tì í gbà á wọlé. Ẹ sọ ọ́ fún un lẹ́ẹ̀kan, ní kedere: “Mo mọ̀ pé ọjọ́ yẹn ò tíì kúrò lára ẹ. Ìgbàkígbà tó o bá fẹ́ sọ ọ́, mo máa gbọ́, mi ò ní sunkún jù ọ́ lọ.” Ẹ má rẹ́rìn-ín sí gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn o. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni kì í sọ̀rọ̀ nítorí pé wọ́n ti rí i pé ìyá wọn ni wọ́n máa padà wá tù nínú.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá iṣẹ́ ọwọ́ tẹ́ ẹ jọ lè máa ṣe. Ọ̀rọ̀ tó wúwo kì í fẹ́ ká wo òun lójú. Ọmọkùnrin kan wà tí mo tọ́jú, mo ti yí ohun tó lè fi í hàn padà. Oṣù mẹ́rin, kò sọ nǹkan kan fún èmi tàbí ẹlòmíràn. Ọjọ́ kan, òun àti ìyá ẹ̀ ń ṣa ẹ̀wà lórí tábìlì, ó kàn ní, “Mo gbọ́ bí fóònù ẹ̀ ṣe ń dún.” Fóònù ọmọ tó kú ni. Ó ní “Mom” ló ń hàn lójú fóònù náà, á dún, á dákẹ́, á tún dún. Ìyá yẹn sọ fún mi pé òun fẹ́ ju ẹ̀wà sílẹ̀ kí òun dì mọ́ ọn, àmọ́ òun rántí ohun tí mo sọ. Ó ń ṣa ẹ̀wà lọ. Ó ní, “Ṣé ó dún pẹ́?” Ọmọ ní, “Ó pẹ́.” Wọ́n ṣa ẹ̀wà náà tán. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni ó kọ́kọ́ sùn láì tan iná.

Tẹ́ ẹ bá ti gbọ́ èyí, ẹ máa mọ ìdí tí mo fi fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lórí ìdúpẹ́ yẹn àti ohun tẹ́ ẹ gbé sórí WhatsApp. Onígbàgbọ́ lèmi náà, mo máa ń jó. Àmọ́ ẹ wò ó láti inú mọ́tò tó jókòó sí. Ọ̀rẹ́ ẹ̀ ti wọlẹ̀. Ní ilé ìyá ọ̀rẹ́ yẹn, kò sí ìlù. Ó ń gbọ́ tí pásítọ̀ ń pariwo nínú máìkì pé Olúwa yan ọmọ yín fún ìyè, ohun tó sì ń ró ní etí tiẹ̀ ni pé ẹnì kan wà tí wọn ò yàn. Àwọn tó là á já máa ń bi ara wọn ní ìbéèrè yìí lóru: kí ló dé tó fi jẹ́ èmi ni mo yè? Ká ní mo dì í lọ́wọ́ mú ńkọ́? Ká ní mo ṣí ilẹ̀kùn fún ẹni tó kàn án ńkọ́? Tẹ́ ẹ bá dáhùn pé “dúpẹ́, àwọn kan ò rí irú ẹ̀,” ẹ ti gbé àwọn kan yẹn lé e lórí.

Ẹ lè máa dúpẹ́ láàárín ẹ̀yin àti Ọlọ́run yín, kò sẹ́ni tó ní kẹ́ ẹ má ṣe é. Ohun tí ọmọ náà nílò ni ibi tó ti lè ṣọ̀fọ̀. Ẹ bi í bóyá ó fẹ́ lọ kí ìyá ọ̀rẹ́ ẹ̀. Bó bá fẹ́, ẹ bá a lọ, ẹ se nǹkan dání, bí a ti ń ṣe nílé ọlọ́fọ̀. Ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ ránṣẹ́ sí yín láti inú òkùnkùn yẹn, ẹni kan ló kọ ọ́ sí. Ó rò pé òun ń dágbére ni. Bó bá ṣì wà níbi tí ẹlòmíràn ti lè rí i, ẹ yọ ọ́ lónìí, kẹ́ ẹ sì bẹ̀ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni, kẹ́ ẹ bẹ̀ ẹ́. Òbí tó ní “ọmọ mi, mo ṣì í ṣe” kò já sílẹ̀ lójú ọmọ ẹ̀.

Ó kan ìbọn tí bàbá ẹ̀ rà. Ibí yìí, mi ò ní fi ẹnu mélòó sọ ọ́: ẹ gbé e kúrò nílé. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló jẹ́ kó rà á. Ọkùnrin tí kò lè wọ ilé-ìwé lọ gba ọmọ ẹ̀ là máa ń fẹ́ rí nǹkan kan tí ọwọ́ òun lè dì mú. Àmọ́ láti ọdún 2020 ni ìbọn ti ń pa àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́langba Amẹ́ríkà ju ìjàǹbá mọ́tò lọ, àwọn kan nínú ìbọn wọ̀nyẹn sì jẹ́ èyí tó wà nílé. Níbi tí ọmọ tí ọkàn ẹ̀ gbọgbẹ́ bá wà, ìbọn nínú dúrọ́ọ̀ jẹ́ ewu fún un ju olè lọ. Bí bàbá ẹ̀ bá kọ̀ jálẹ̀, ó kéré tán, kí ó wà nínú àpótí irin tí wọ́n tì pa, kí ọta má sí nínú ẹ̀, kí ọta wà níbòmíràn tí wọ́n tún tì pa, kí ọmọ má sì mọ nọ́ńbà rẹ̀. Ẹ tún fi òfin sọ́kàn. Ní Oxford ní ìpínlẹ̀ Michigan, ọmọ mẹ́rin ni ẹgbẹ́ wọn kan pa ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2021, ìbọn tí bàbá ẹ̀ rà ló lò. Ní ọdún 2024, wọ́n rán bàbá àti ìyá rẹ̀ lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 10 sí 15. Mi ò fi ọmọ yín wé ọmọ yẹn, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Mo kàn fẹ́ kí bàbá ẹ̀ mọ̀ pé ìbọn kì í mọ ìdí tí a fi rà á.

Ní ti ìtọ́jú: oṣù kan àkọ́kọ́, kò sẹ́ni tó lè sọ bó ṣe máa rí, torí pé púpọ̀ nínú irú ìdààmú báyìí máa ń lọ fúnra ẹ̀. Oṣù mẹ́ta yàtọ̀. Àìsùn, kí èèyàn máa fò sókè, kó máa sá fún ibi kan, bí èyí bá kọjá oṣù kan tí kò sì jẹ́ kó lè gbé ayé ẹ̀, ó ti tó gbé lọ fún àyẹ̀wò, bóyá ohun tí wọ́n ń pè ní PTSD ni, ìyẹn àìsàn ọkàn tó máa ń tẹ̀ lé àjálù. Kì í ṣe wèrè. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn wà lọ́kàn yín, torí kò sí ìyá Yorùbá kan tó jókòó níwájú mi tí kò bi mí, bó pẹ́ bó yá. Ẹ wá therapist, ìyẹn olùtọ́jú ọkàn, tó mọ ìtọ́jú tí wọ́n ń pè ní TF-CBT fún ọmọdé, tàbí èyí tí wọ́n ń pè ní EMDR, níbi tí ọmọ á ti máa yí ojú síhìn-ín sọ́hùn-ún bó ṣe ń rántí. Ti àkọ́kọ́ sábà máa ń gba bí ìpàdé 12 sí 16. Wọ́n á kọ́kọ́ kọ́ ọmọ bó ṣe lè mú ara ẹ̀ balẹ̀, lẹ́yìn náà ló máa wá sọ ìtàn ọjọ́ yẹn díẹ̀díẹ̀, ní ìwọ̀n tí agbára ẹ̀ gbé, títí ìtàn náà á fi di ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá dípò ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ̀yin òbí náà ní ìpàdé tiyín níbẹ̀. Ẹ lọ. Bàbá ẹ̀ náà kó lọ.

Owó ńkọ́? Gbogbo ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà ló ní àpò owó fún àwọn tí ọ̀daràn ṣe ní jàǹbá, ó sì máa ń san owó therapist. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, kò dìgbà tí ìbọn bá ba ọmọ kó tó yẹ. Ẹ béèrè lọ́wọ́ “victim advocate,” ẹni tó ń ran àwọn tí ọ̀daràn ṣe ní jàǹbá lọ́wọ́, ní ọ́fíìsì agbẹjọ́rò ìjọba àgbègbè yín. Àkókò fọ́ọ̀mù yẹn máa ń kọjá, ẹ má jókòó tì í.

Ilé-ìwé náà ní iṣẹ́ láti ṣe. Ẹ kọ lẹ́tà, kì í ṣe ẹnu lásán, pé ẹ fẹ́ ètò 504 fún un, ìyẹn ìwé àdéhùn ìrànlọ́wọ́ tí ilé-ìwé máa ṣe fún ọmọ tí àìsàn ń dí lọ́wọ́. Òfin ọdún 1973 ló gbé e kalẹ̀. Nínú ẹ̀, ẹ lè ní kí wọ́n jẹ́ kó jókòó sí ibi tó ti ń rí ilẹ̀kùn, kó lè jáde kúrò ní kíláàsì láì tọrọ àyè, kí wọ́n fún un láàyè sí i nínú ìdánwò, àti pé kò gbọdọ̀ sí ìdánrawò iná tàbí ti lockdown, ìyẹn títi ilẹ̀kùn kí wọ́n sì sá pamọ́, tí wọn ò kọ́kọ́ sọ fún un. Wọn kì í kọ ọ́ sínú ìwé èsì ìdánwò tó ń lọ sí yunifásítì, torí náà ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ tún béèrè bóyá wọ́n lè mú ajá tí wọ́n kọ́ láti máa tu èèyàn nínú wá. Ní Parkland, wọ́n kó irú àwọn ajá bẹ́ẹ̀ wá fún àwọn ọmọ, àwọn ọmọ fẹ́ràn wọn débi pé wọ́n ya fọ́tò wọn sínú ìwé ọdún ilé-ìwé náà ní 2019. Èmi tí mo dàgbà níbi tí ajá ti ń sùn síta rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Mi ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ajá kì í béèrè ìbéèrè.

Ìbàdàn ńkọ́? Kó lọ rí ìyá-ìyá ẹ̀, ó dáa, àmọ́ kì í ṣe nígbà Kérésìmesì. Ṣé ẹ ti gbàgbé báńgà ni? Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejìlá ni àwọn ọmọ àdúgbò ti ń sọ ọ́ sí ẹ̀yìn ilé, wọn kì í kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Tí òkú ọdẹ kan bá tún wà ládùúgbò, ìbọn ṣakabùlà á dún. Àwọn ọlọ́pàá tó gbé AK-47 kọ́rùn á na ọwọ́ sínú mọ́tò yín lójú ọ̀nà láti pápákọ̀ òfurufú. Ẹ dúró di àkókò òjò, kí ìyá àgbà ti mọ̀ ṣáájú pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ní kó dìde jẹ́rìí níwájú ìjọ.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ bi í lọ́sẹ̀ yìí, ó sì le lẹ́nu. Ẹ bi í tààrà bóyá ó ti ṣe é bíi pé kó má sí láyé mọ́. Bíbi í kì í fi sí i lọ́kàn, ṣe ló máa ń jẹ́ kó lè mí. Ní oṣù kẹta ọdún 2019, tó ti lé lọ́dún kan tí ti Parkland ṣẹlẹ̀, ọmọ méjì tí wọ́n là á já fọwọ́ ara wọn gbẹ̀mí ara wọn, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, láàárín ọjọ́ díẹ̀ síra. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má pariwo, ẹ má wàásù, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, ẹ pe 988 lójú ẹsẹ̀, nọ́ńbà ìrànlọ́wọ́ fún ẹni tó ń ronú àtipa ara ẹ̀ ní Amẹ́ríkà ni. Wọ́n ń gbé e tọ̀sán-tòru, ẹ sì lè tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i náà.

Ẹ bi mí pé ìgbà wo ló máa padà di ọmọ tẹ́ ẹ mọ̀. Mi ò lè fún yín ní ọjọ́. Ara ẹ̀ máa balẹ̀, oorun máa padà, mo ti rí i lójú ọ̀pọ̀ ọmọ. Àmọ́ yóò máa lọ, á máa bọ̀. Á dáa fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ìròyìn á gbé ti ilé-ìwé mìíràn jáde, á tún ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Àwọn kan nínú ọmọ Oxford tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan wà ní yunifásítì ìpínlẹ̀ Michigan ní oṣù kejì ọdún 2023 nígbà tí ẹlòmíràn tún gbé ìbọn wọ ibẹ̀, kò tíì pé oṣù 15. Ìwé ìròyìn Washington Post ti kà á pé ọmọ tó lé ní 300,000 ni irú nǹkan báyìí ti ṣẹlẹ̀ ní ilé-ìwé wọn láti ìgbà Columbine, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ni ìbọn ò bà. Àwọn tó là á já ní Columbine dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní ọdún 2012, The Rebels Project, fún àwọn tí irú ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí. Bó bá ti tó gbọ́, ẹ sọ fún un pé wọ́n wà. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ yín ò lè sọ fún yín, ó lè sọ ọ́ fún ẹni tó ti jókòó nínú òkùnkùn rí.

Ó ku bàtà. Ẹ fi sílẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ má gbá abẹ́ bẹ́ẹ̀dì yẹn láì sọ fún un. Òun fúnra ẹ̀ ló máa gbé e jáde. Tó bá gbé e wá bá yín lọ́jọ́ kan, ẹ bi í bóyá ó fẹ́ kẹ́ ẹ jọ fọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ sì bomi sínú báàfù.